Koríko Tó Sùn Kò Kú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ti í rí nígbà ọyẹ́. Òjò á dá. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa fẹ́ láti òkè Ọya wá. Koríko tó tutù yọ̀yọ̀ ní oṣù kẹsàn-án á gbẹ, nígbà tó bá sì fi máa di oṣù kìíní, á ti pọ́n bí koríko òrùlé. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ kan láàrin wa tó máa dúró lórí ilẹ̀ yẹn kó máa sunkún pé koríko kú. A mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ilẹ̀ á tún tutù. Koríko náà kò kú. Ó ń sinmi ni.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú koríko bẹ́ẹ̀ ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oko. Ti pápá gọ́ọ̀fù ni. Nígbà òtútù, koríko pápá wọn a máa sùn, a sì máa pọ́n. Àwọn kan ní kí a gbin koríko mìíràn lé e lórí, kí pápá lè máa tutù títí òtútù yóò fi lọ. Àwọn mìíràn ní kí a fi í sílẹ̀ kó sùn. Owó ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Omi púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ oòjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Kí ló kàn wá nínú koríko ará Amẹ́ríkà?" Ìdáhùn wa nìyí: ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ tó ń tọ́jú, tí omi rẹ̀ kò sì pọ̀, tí àwọn oníbàárà sì ń wo ojú rẹ̀, yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò.

Bí pápá gọ́ọ̀fù ṣe rí

Gọ́ọ̀fù ni eré tí a ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan títí yóò fi wọ inú ihò. Ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Pápá tó pé ní ihò 18. Ọ̀nà tó lọ sí ihò kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́rin.

Èkíní ni ibi ìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Èkejì ni ojú ọ̀nà. Èyí ni ilẹ̀ gbọọrọ tí a gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni etí ọ̀nà, níbi tí koríko ti ga díẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ibi ihò fúnra rẹ̀. Koríko ibẹ̀ kúrú bí irun tí a gé mọ́ orí, kí bọ́ọ̀lù lè yí geere. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí wọn.

Koríko wo ni wọ́n ń lò?

Ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti ń mú gan-an nígbà ooru, koríko tó gbajúmọ̀ jù lórí pápá ni bermuda. Kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Òun ni àwọn tó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé-ìwé mọ̀ sí koríko Bahama. Ó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ń hù lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ó ń nà lórí ilẹ̀, ó tún ń nà lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tí oríkèé rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, á ta gbòǹgbò síbẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí tó bó o lára, kì í pẹ́ tí á fi bo ojú àpá náà.

Ní ìlú Tifton, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ọ̀mọ̀wé kan wà tí ń jẹ́ Glenn Burton. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá irú koríko tó dára jù. Láti inú ìdàpọ̀ bermuda wa yìí àti ìbátan rẹ̀ kan tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti Gúúsù Áfíríkà wá, ni wọ́n ti rí àwọn irú tuntun. Tifgreen jáde ní 1956. Tifway jáde ní 1960. Pápá tí wọ́n gbin àwọn irú wọ̀nyí sí kò ní òǹkà. Irú koríko bẹ́ẹ̀ kì í so èso tó lè hù. Ńṣe ni wọ́n ń gé ìtàkùn rẹ̀ gbìn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbin ọ̀dùnkún.

Kí ló dé tó fi ń sùn?

Ọmọ ilẹ̀ olóoru ni bermuda. Ó fẹ́ràn oòrùn, kò sì fẹ́ òjìji rárá. Bí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, tí ìmúlóoru ilẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 10 lórí ìwọ̀n Celsius, bermuda á dáwọ́ dúró. Kò ní hù mọ́. Bí ìrì dídì bá wá bọ́ lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ kan, ewé rẹ̀ á pọ́n, ó di dandan.

Ṣùgbọ́n kí òtútù tó dé, ó ti ṣe bí ọlọ́gbọ́n àgbẹ̀. Ó ti kó oúnjẹ pamọ́ sínú gbòǹgbò àti ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó kó iṣu sínú àká. Oúnjẹ yìí ni yóò fi jí nígbà tí ilẹ̀ bá tún móoru. Àwọ̀ ewé òkè kò fi bí nǹkan ti rí nísàlẹ̀ hàn. Ẹni tó bá wa ilẹ̀ díẹ̀ ló máa rí i pé ìtàkùn funfun náà ṣì yè.

Bí wọ́n ti ń gbin òmíràn lé e

Koríko kan wà tó fẹ́ràn òtútù. Orúkọ rẹ̀ ni ryegrass. Ewé rẹ̀ tutù, ó ń dán, ó sì ń yára hù. Òun ni wọ́n sábà máa ń gbìn lé bermuda lórí. Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí.

Ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, wọ́n á ti pápá pa. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò ní gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Wọ́n á dín omi bermuda kù. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ pátápátá, títí ojú ilẹ̀ yóò fi hàn, kí irúgbìn tuntun lè kan erùpẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé bermuda kò tíì sùn nígbà náà. Àwọn ènìyàn ló fi agbára lé e wọ yàrá.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fọ́n irúgbìn. Lórí ojú ọ̀nà, nínú aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sábà máa ń fọ́n irúgbìn tó wọn 400 sí 600 pọ́n-ùn lórí éékà kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ojú ọ̀nà pápá kan bá jẹ́ éékà 30, tí wọ́n sì fọ́n 500 pọ́n-ùn sórí éékà kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀ jẹ́ 15,000 pọ́n-ùn. Bí àpò kan bá gba 50 pọ́n-ùn, àpò 300 nìyẹn. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń rà á, nítorí pé koríko yìí kò ní rí oṣù kẹjọ lórí pápá.

Nígbà tí irúgbìn bá ti wà nílẹ̀, omi ló kù. Wọ́n á máa wọ́n omi sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, nítorí pé irúgbìn tó wà lójú ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ. Láàrin ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, ryegrass á yọrí. Wọ́n á fún un ní ajílẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á ṣílẹ̀kùn pápá. Nígbà Kérésìmesì, gbogbo ibẹ̀ á tutù minijọ, bẹ́ẹ̀ sì ni bermuda ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe é?

Kò yẹ kí a rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìdí wọn lágbára.

Ìdí kìíní ni owó. Ẹ wo ìlú Scottsdale ní Arizona, tàbí Palm Springs ní California. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Nígbà ooru, ooru ibẹ̀ kò ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, ojú ọjọ́ ibẹ̀ dára púpọ̀. Nígbà náà ni àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà àti ti Kánádà máa ń sá fún yìnyín wá síbẹ̀. Àkókò yẹn ni owó ń wọlé fún pápá, fún ilé ìtura, fún ilé oúnjẹ, àti fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gé koríko. Oníṣòwò pápá ń bẹ̀rù pé bí tòun bá pọ́n, tí ti aládùúgbò sì tutù, àlejò á gba ọ̀dọ̀ aládùúgbò lọ. Ọjà tó bá dára lójú ló máa ń tà, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà mọ èyí jù wá lọ.

Ìdí kejì ni ẹsẹ̀. Koríko tó sùn kò lè wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ sàn. Bí ọ̀pá bá bó o, àpá yẹn á wà bẹ́ẹ̀ títí òtútù yóò fi lọ. Bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn bá ń tẹ ibi kan náà mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, tí ọkọ̀ kéékèèké wọn sì ń gba ibẹ̀ kọjá, bermuda á fọ́ túútúú, ilẹ̀ á ṣófo. Ryegrass ń hù lọ́wọ́, nítorí náà ó lè gba ìyà yẹn, kó sì tún dìde. Ìdí yìí gún régé, pàápàá ní ibi ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí kẹta ni ojú. Ní ìlú Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, pápá olókìkí kan wà tí wọ́n ń pè ní Augusta National. Láti 1934 ni ìdíje Masters ti ń wáyé níbẹ̀. Oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí bermuda ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú. Ryegrass ni àwọn ènìyàn ń rí lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ní 1956, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdíje náà hàn. Ní 1966, wọ́n fi hàn pẹ̀lú àwọ̀. Ojú gbogbo ayé rí pápá tó tutù láìsí àbùkù kankan. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ agbágọ́ọ̀fù rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí pápá ìlú tiwọn náà rí.

Ohun tó ń ná wọn

Èkíní ni omi. Ní Ìbàdàn, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bí íǹsì 50. Ní ìlú Phoenix, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Scottsdale, kò ju íǹsì méje sí mẹ́jọ lọ. Ní àfonífojì Coachella, níbi tí Palm Springs wà, ó tún kéré sí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni pápá gọ́ọ̀fù ibẹ̀ lé ní 100. Bermuda tó ń sùn kì í béèrè omi púpọ̀. Ryegrass tó ń hù ń mu omi láti oṣù kẹwàá títí di oṣù karùn-ún. Ẹni tó gbìn ín ti sọ ìgbà ìsinmi di ìgbà iṣẹ́ fún ẹ̀rọ omi rẹ̀.

Níbo ni omi náà ti ń wá? Apá kan ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá. Apá kan sì ń ti odò Colorado wá. Odò kan ṣoṣo yìí ni nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn gbára lé, pẹ̀lú àwọn oko ńlá. Ọ̀dá ti ń bá a jà láti ọdún 2000. Adágún ńlá kan wà lórí rẹ̀ tó ń jẹ́ Lake Mead. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé omi adágún náà kò tó mọ́. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí. Nítorí rẹ̀, ní 2022, wọ́n gé omi tí Arizona ń gbà láti inú odò náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn àgbẹ̀ ni ìyà náà kọ́kọ́ jẹ. Àwọn kan fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìgbìn.

Àwọn onípápá ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àwọn lo ń lo omi ìdọ̀tí ìlú tí a ti sẹ́, tí ènìyàn kò lè mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pápá ló ń lò ó. Yàtọ̀ sí èyí, omi sísẹ́ náà ti níye lórí nínú aṣálẹ̀, nítorí pé a lè dà á padà sínú ilẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.

Èkejì ni bermuda fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan ṣoṣo. Nígbà tí oṣù kẹrin bá dé, tí ilẹ̀ ń móoru, bermuda á fẹ́ jí. Ó nílò oòrùn. Ṣùgbọ́n ryegrass ti dúró lórí rẹ̀ bí agboòrùn. Ó ń gba oòrùn, ó ń gba omi, ó ń gba ajílẹ̀. Bermuda á máa jẹ oúnjẹ tó kó pamọ́, kò sì rí òmíràn fi rọ́pò. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ooru ńlá bá dé ní oṣù kẹfà, ryegrass á kú. Ibi tí bermuda ti rẹ̀ jù á wá ṣófo. Ilẹ̀ á hàn ní ìgbà tó yẹ kí pápá tutù jù lọ láìnáwó.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ koríko sọ pé bermuda nílò nǹkan bí ọjọ́ 100 nínú ọdún láìsí abánidíje, kó lè kún àká rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí a kà á. Bí ryegrass bá lọ tán ní ìparí oṣù kẹfà, tí wọ́n sì tún fẹ́ rẹ́ bermuda mọ́lẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tó rí kò ju nǹkan bí 90 lọ. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan, kejì, kẹta, gbèsè á máa gun orí gbèsè. Nǹkan tún ti le sí i ju ti àtijọ́ lọ. Ryegrass àtijọ́ kì í lè fara da ooru. Ó ń kú fúnra rẹ̀. Àwọn irú tuntun lẹ́wà, wọ́n sì lágbára, wọn kì í tètè lọ. Ọ̀pọ̀ onípápá ni ó ń ra oògùn láti pa koríko tí òun fúnra rẹ̀ fi owó gbìn.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Ọ̀sẹ̀ tí pápá bá fi wà ní títìpa, owó kì í wọlé. Kádì tó ń gbé àpò ọ̀pá kò ní rí iṣẹ́. Àlejò tó dé lọ́sẹ̀ yẹn á bá ilẹ̀kùn ní títì.

Pápá méjì, ìtàn méjì

A ti sọ nípa Augusta. Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí àwọn tó ń fara wé e kì í rántí. Augusta ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti nǹkan bí ìparí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá. Ní gbogbo ìgbà ooru, ẹnikẹ́ni kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bermuda á rí àyè jí, á rí àyè sinmi. Owó kì í ṣe ìṣòro wọn rárá. Pápá ìlú tó ṣí sílẹ̀ ní oṣù méjèèjìlá, tó ń fi owó àwọn agbábọ́ọ̀lù san owó òṣìṣẹ́, kò lè ṣe bíi Augusta. Bí a bá rí olówó tó ń ná owó, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ ká tó tẹ̀ lé e wọ ọjà.

Pápá kejì wà ní ìlú Pinehurst, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Orúkọ rẹ̀ ni Pinehurst No. 2. Donald Ross, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní 1907. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará àríwá ti ń wá síbẹ̀ nígbà òtútù. Lórí koríko tó sùn ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Títí di àárín àwọn ọdún 1930, ibi ihò rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe koríko. Iyanrìn ni. Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà agbágọ́ọ̀fù ilẹ̀ wa, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ pápá àtijọ́ ní Nàìjíríà, iyanrìn tí a po pọ̀ mọ́ epo ẹ̀rọ ni ibi ihò.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Pinehurst náà di pápá tó tutù látòkè délẹ̀. Wọ́n ń gbin ryegrass lé e lórí nígbà òtútù bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2010, wọ́n pe Bill Coore àti Ben Crenshaw kí wọ́n wá dá a padà sí bó ti wà. Wọ́n hú ọ̀pọ̀ éékà koríko kúrò ní etí ọ̀nà, iyanrìn àti igbó kéékèèké sì padà síbẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi lé ní 1,100 tẹ́lẹ̀. Wọ́n dín in kù sí nǹkan bíi 450. Wọ́n sì dáwọ́ gbígbin ryegrass lé e dúró. Iṣẹ́ náà parí ní 2011.

Àwọn kan bínú. Wọ́n ní pápá pọ́n jù. Ṣùgbọ́n ní 2014, ìdíje US Open ti ọkùnrin àti ti obìnrin wáyé níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Martin Kaymer gba ti ọkùnrin, Michelle Wie sì gba ti obìnrin. Ní 2024, US Open ti ọkùnrin tún padà síbẹ̀, Bryson DeChambeau ló sì gbà á. Àwọ̀ ilẹ̀ kò lé ìdíje lọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú àpẹẹrẹ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dá ló fà á níbẹ̀, kì í ṣe òtútù. Ní 2006, pápá Hoylake pọ́n nígbà tí wọ́n gbá ìdíje Open níbẹ̀. Ilẹ̀ le, bọ́ọ̀lù sì ń sáré lọ jìnnà. Tiger Woods ló borí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló sì lo ọ̀pá rẹ̀ tó gùn jù láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Koríko tó gbẹ tún ń bá eré náà lára mu, bí ilẹ̀ bá le dáadáa.

Ọ̀nà tó wà láàrin

Kì í ṣe pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Àwọn onípápá kan ti rí ọ̀nà kẹta.

Wọ́n ń fi ọ̀dà kun koríko. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan wà tí a ṣe fún koríko, tí kì í pa á lára. Wọ́n á pò ó mọ́ omi nínú àgbá, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́n ọn sórí bermuda tó sùn. Ní ojú ọ̀nà, ẹni tó bá dúró lókèèrè kò ní mọ̀ pé ọ̀dà ni. Owó rẹ̀ kéré sí ti irúgbìn, omi àti ajílẹ̀. Kò ní ìtìpa ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ tún máa ń gba ooru oòrùn, tí bermuda á fi tètè jí díẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀dà kì í wo ọgbẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti fọ́ koríko, ọ̀dà kò lè dá a padà.

Nítorí náà ni àwọn mìíràn fi ń gbin ryegrass sí ibi ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, níbi tí ọ̀pá ti ń bó ilẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ń fi ọ̀dà kun ojú ọ̀nà, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ti wà. Wọ́n ń jẹ́ kí etí ọ̀nà sùn. Èyí tilẹ̀ ní àǹfààní kan: ojú ọ̀nà tutù, etí ọ̀nà pọ́n, agbábọ́ọ̀lù á sì rí ààlà méjèèjì kedere.

Ibi tí a dúró sí

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí pápá gọ́ọ̀fù máa gbin koríko lé gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ nítorí àwọ̀ nìkan. Níbi tí iṣẹ́ bá wà fún ryegrass láti ṣe, kí wọ́n gbìn ín. Níbi tí kò bá sí, kí wọ́n jẹ́ kí bermuda sùn.

Kí onípápá tó ra àpò irúgbìn kan, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin. Àwọn mélòó ló ń tẹ ilẹ̀ yìí nígbà òtútù? Ìgbà wo nínú ọdún ni eré pàtàkì mi, ṣé oṣù kẹrin bíi ti Augusta ni, àbí oṣù kẹfà bíi ti Pinehurst? Omi mi ńkọ́, ta ni mo ń bá pín in? Bermuda mi yóò ha rí ọjọ́ 100 rẹ̀ bí? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú òtítọ́ kò ní ṣì ṣe.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ṣòro. Ojú ni wọ́n fi ń ra nǹkan. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ ojú. Kí onípápá kọ ìwé sẹ́nu ọ̀nà, kó ṣàlàyé fún wọn pé ilẹ̀ ń sinmi, pé bọ́ọ̀lù yóò sáré dáadáa, pé owó wọn kò ní pọ̀ sí i nítorí irúgbìn. Ènìyàn tó bá mọ ìdí kì í tètè bínú. Bí odò Colorado bá sì ń gbẹ sí i, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tí kò fẹ́ kọ́ èyí pẹ̀lú sùúrù yóò kọ́ ọ pẹ̀lú ìnira.

Àwa náà tó wà nílé, ẹ jẹ́ kí a wo àyíká wa. A máa ń rí àwọn tó ń da omi mímu sórí koríko iwájú ilé nínú oṣù kejì, tí àdúgbò sì ń tò pẹ̀lú kórobá nídìí kànga. Kí wọ́n ní sùúrù. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ dé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí koríko bermuda nígbà òtútù? Níbo ló ń kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí?

2. Bí ojú ọ̀nà pápá kan bá jẹ́ éékà 20, tí wọ́n sì fọ́n 400 pọ́n-ùn irúgbìn sórí éékà kọ̀ọ̀kan, pọ́n-ùn mélòó ni yóò jẹ́? Bí àpò kan bá gba 50 pọ́n-ùn, àpò mélòó ni wọn yóò rà?

3. Kí ni Augusta ń ṣe nígbà ooru tí pápá ìlú kò lè ṣe?

4. Sọ àǹfààní kan àti àbùkù kan tó wà nínú fífi ọ̀dà kun koríko.

5. Nínú oko tàbí ọgbà rẹ, ǹjẹ́ o ti gbin nǹkan méjì pọ̀ rí, tí ọ̀kan sì bo èkejì mọ́lẹ̀? Kí lo ṣe sí i?